Gbèsè Ará Òkè Odò

Ẹ̀yin ará wa, àwọn àgbà máa ń sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Gbogbo àwa tí a ti ilé wá sí Òkè Ọya ni a mọ òwe yìí dáadáa, nítorí pé àwa gan-an ni wọ́n máa ń fi í bá wí. Bí ọmọ kan bá pẹ́ kí ó tó fi owó ránṣẹ́ sílé, tàbí tí ọdún mẹ́ta bá kọjá tí kò yọjú, òwe náà ni wọn yóò pa fún un. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí a kì í sábà yẹ̀ wò. Bí odò bá lè gbàgbé orísun, ṣé orísun náà kò lè gbàgbé odò? Bí ẹni tí ó wà lókè bá gbàgbé ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, ta ni yóò pa òwe fún òun?

Ìbéèrè tí a fẹ́ bá ara wa gbé yẹ̀ wò nìyí: kí ni ẹni tí omi kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ ẹni tí omi náà ń lọ bá? Kì í ṣe pé a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Àwa tí a ń gbé ní Kánò, òkè odò ni a wà. Omi tí ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ wa ní òwúrọ̀, ó ní ibi tí ì bá ṣàn dé bí a kò bá dá a dúró. Ó yẹ kí a mọ ibẹ̀, kí a sì mọ àwọn tí ń retí rẹ̀ níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni àbàtà ńlá tí ó wà láàárín Hadejia àti Nguru, ní ìpínlẹ̀ Jigawa àti ìpínlẹ̀ Yobe. Odò Kánò àti odò Challawa parapọ̀ di odò Hadejia, tí ń ṣàn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Odò Jama'are ń ti ìhà gúúsù bọ̀ wá bá a. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé, odò Yobe ni wọ́n ń jẹ́, òun ni ó sì ń lọ sí adágún Chad. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pàdé, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Odò a sọ agbára nù, a ya sí ọ̀nà mẹ́wàá, a sì tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹní. Fàdámà ni àwọn Haúsá ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ìtàn àwa ará gúúsù náà, nítorí pé nígbà tí ọ̀nà rélùwéè láti Kánò dé Nguru ní nǹkan bí ọdún 1930, Nguru ni ó jẹ́ òpin ọ̀nà irin ní ìhà ibẹ̀, ọkọ̀ náà sì gbé oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ dé etí àbàtà náà. Ní ọdún 2000, adágún Nguru àti àyíká rẹ̀ wọ inú ìwé àwọn àbàtà tí gbogbo ayé gbà pé ó yẹ kí a dáàbò bò, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ìlú Ramsar ní ilẹ̀ Íráànì ní ọdún 1971. Apá kan àbàtà náà, títí kan Dagona tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹyẹ omi, wà nínú ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní Chad Basin, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1991.

Ìgbà ọyẹ́ ni ìgbà tí ó dára jù lọ láti rin etí àbàtà yìí. Bí a bá ń rìn níbẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, òwúrọ̀ a máa tutù débi pé ènìyàn yóò fẹ́ aṣọ òtútù, eruku yóò bo oòrùn lójú, ètè yóò sì máa là. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ti gbẹ, ó sì ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Ìrìn díẹ̀ sí i, ẹrẹ̀ ni. Ìrìn díẹ̀ sí i, omi ni, òṣíbàtà sì bò ó lórí. Ẹni tí ó bá ti rí bí ilẹ̀ Òkè Ọya ṣe ń pọ́n tí ó sì ń gbẹ lásìkò náà yóò yà lẹ́nu, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ó tutù yọ̀yọ̀ láàárín gbígbẹ.

Ẹyẹ ni ojú yóò kọ́kọ́ rí. Pẹ́pẹ́yẹ igbó wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, àwọn kan lójú funfun, ohùn wọn sì dà bí ìgbà tí ọmọdé ń súfèé. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ń tọ ẹrẹ̀, wọ́n ń fi ẹnu wá kòkòrò. Lékeléke tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré ń tẹ̀lé màlúù lẹ́yìn. Nínú àwọn ẹyẹ náà ni pẹ́pẹ́yẹ kékeré kan wà tí akọ rẹ̀ ní ìlà funfun lókè ojú. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ń pamọ. Nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọn a fò kọjá òkun àti aṣálẹ̀ Sàhárà, wọn a sì bà sí irú àbàtà yìí títí di oṣù Ẹrẹ́nà. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní àárín àwọn ọdún 1990, iye ẹyẹ omi tí wọ́n rí níbẹ̀ ju 200,000 lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyẹ nìkan. Bí a bá rìn síwájú, a ó bá àgbẹ̀ tí ó gbin ata, àlùbọ́sà àti àlìkámà sí ibi tí omi ti fà sẹ́yìn. A ó bá apẹja pẹ̀lú àwọ̀n àti akèrègbè ńlá tí ó fi ń léfòó. A ó bá Fúlàní pẹ̀lú agbo màlúù tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, nítorí pé koríko ti tán níbi tí ó ti wá. A ó bá àwọn tí ń fi imọ̀ ọ̀pẹ hun ẹní. Gbogbo wọn, omi kan náà ni wọ́n ń jẹ, àsìkò ni wọ́n sì fi ń pín in. Ní oṣù Ògún àti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, omi á kún, ìrẹsì á hù nínú rẹ̀, ẹja á sì bí sí i. Nígbà tí omi bá ń fà, àgbẹ̀ á tẹ̀lé e lẹ́yìn pẹ̀lú ọkọ́, apẹja á kó ẹja nínú àwọn kòtò. Nígbà tí àgbẹ̀ bá kórè, màlúù á jẹ poròpórò. Lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí ojú kò tó, omi tí ó kún náà á rin lọ sínú àwọn kànga, títí dé abúlé tí kò rí odò rárá.

Báyìí ni ó rí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1974 ni wọ́n parí dáàmù Tiga lórí odò Kánò. Ní ọdún 1992 ni ti Challawa Gorge tẹ̀lé e. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìwà ibi ni ó mú kí wọ́n kọ́ wọn. Ẹ rántí ọ̀dá ńlá tí ó mú gbogbo etí aṣálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tí màlúù kú sílẹ̀, tí oúnjẹ sì wọ́n. Ìjọba tí ó bá rí èyí tí kò wá ọ̀nà láti tọ́jú omi, a ó bá a wí. Àwọn dáàmù náà sì ṣe rere. Nítorí wọn ni a fi ń rí tòmátì Kadawa àti ìrẹsì Kura nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ̀ ńláńlá ń kó tòmátì náà lọ sí ọjà Mile 12 ní Èkó, àwọn ènìyàn wa nílé sì ń fi í se ọbẹ̀. Nítorí wọn ni odò fi ní omi tí wọ́n ń fà sínú ẹ̀rọ fún ìlú Kánò ní oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí òjò ti gbàgbé wa.

Ẹ̀gbẹ́ kejì rèé. Ní àwọn ọdún 1960, ilẹ̀ tí omi ń bò lọ́dọọdún ní àbàtà náà wà láàárín 250,000 àti 300,000 héktà. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1990, ó ti dín kù sí nǹkan bí 70,000 sí 100,000. Òtítọ́ ni pé òjò tí kò rọ̀ tó wà nínú ohun tí ó fà á, ṣùgbọ́n àwọn dáàmù ní ìpín tiwọn. Ìpalára mìíràn tún wà tí ẹnikẹ́ni kò retí. Nígbà tí odò wà fún ara rẹ̀, ó máa ń kún gidigidi, ó sì máa ń gbẹ gidigidi. Nísinsìnyí, omi díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wá yí ọdún ká. Koríko gíga kan tí àwọn Haúsá ń pè ní kachalla fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀. Ó hù, ó dí ojú odò, ó sì gba ilẹ̀ oko. Inú rẹ̀ ni ẹyẹ kékeré ẹlẹ́nu pupa, tí ó jọ ẹ̀gà, ń sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a dà bo oko jéró àti ìrẹsì. Nítorí pé ojú odò ti dí, nígbà tí òjò bá pọ̀ jù, bí ó ti rí ní ọdún 2022, omi á wọ inú ilé, á sì pa ènìyàn. Ará ìsàlẹ̀ odò kò rí omi nígbà tí ó fẹ́ ẹ, ó sì rí i nígbà tí kò fẹ́ ẹ. Bí ilẹ̀ tútù sì ti ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ àti darandaran ń jà lórí èyí tí ó kù.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa léèrè: ta ni ó jẹ̀bi? Ìdáhùn mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí omi bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ni ín. Ẹ jẹ́ kí a fi agbo ilé wa wò ó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí kànga bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jí ni yóò kọ́kọ́ pọn. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọn ọ́n títí korobá fi ń gbá ẹrẹ̀, tí ó kún gbogbo àmù ilé rẹ̀ títí dé èyí tí yóò lò ní ọ̀túnla, gbogbo agbo ilé yóò pè é ní ọ̀kánjúwà, kò sì ní rí ọ̀rọ̀ sọ. Ipò kìn-ín-ní fún un ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ pọn. Kò fún un ní ẹ̀tọ́ láti pọn tán.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìlú ńlá ni Kánò, ará àbàtà kò pọ̀ tó wa, ó sì yẹ kí ire ọ̀pọ̀ ènìyàn borí. Ìdáhùn yìí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Síbẹ̀, ìṣirò rẹ̀ kò dájú. Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ méjì, Edward Barbier àti Julian Thompson, fi èrè tí omi ń mú wá nínú àbàtà wé èyí tí ó ń mú wá nínú oko tí à ń fi omi dáàmù rin. Wọ́n ka oko, ẹja àti igi ìdáná. Wọ́n rí i pé nínú àbàtà ni ìwọ̀n omi kan náà ti ń mú èrè tí ó pọ̀ jù lọ jáde, ó sì fi púpọ̀púpọ̀ ju ti oko dáàmù lọ. Ká tilẹ̀ ní ìṣirò náà gbè wá, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé bí títì bá fẹ́ gba inú ilé ẹnìkan kọjá, a kì í wí fún un pé, “Àwa tí a ó gba títì yìí pọ̀ jù ọ́ lọ, máa lọ.” A ó díye lé ilé náà, a ó sì san owó rẹ̀. Ire ọ̀pọ̀ lè gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè pa gbèsè tí a jẹ ẹ́ rẹ́. Kí ló dé tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún omi? Kò ju pé omi kò ní ọgbà yíká, àti pé ẹni tí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jìnnà sí wa, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ìdáhùn kẹta ni ti àwa fúnra wa. A ó sọ pé, “Kì í ṣe àwa ni a kọ́ dáàmù. Àlejò ni wá ní ìlú yìí. Ẹ̀rọ nìkan ni a ṣí, omi sì jáde.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni a ń pò pọ̀ níbí, ẹ̀ṣẹ̀ àti gbèsè. Bí baba kan bá yá owó, tí ó fi kọ́ ilé, tí ó sì kú kí ó tó san án tán, ọmọ tí ó jogún ilé náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ka owó náà sílẹ̀. Síbẹ̀, bí ó bá ń sùn nínú ilé náà, tí ó sì sọ fún olówó pé òun kò mọ̀ ọ́n rí, kò sí àgbà kan tí yóò gbè é. Kò dẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ gbèsè. Ohun tí ó ń gbádùn ni ó so ó mọ́ ọn.

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn fi ń ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni àkọ́kọ́ yóò ní, “N kò dẹ́ṣẹ̀, nítorí náà n kò jẹ ẹnikẹ́ni.” Ẹni kejì yóò lu àyà, yóò sunkún bí ẹni pé òun ni ó ṣe gbogbo ibi ayé, lẹ́yìn náà yóò lọ jókòó láìsan kọ́bọ̀. Olówó kò rí nǹkan gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Èyí tí ó tọ́ ni kí ènìyàn béèrè iye tí ó jẹ, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án.

Àwọn ẹyẹ ńkọ́? Ẹnìkan lè sọ pé a kò lè jẹ ẹyẹ ní gbèsè, àti pé ẹ̀mí ọmọ kan ju ti ẹgbẹ̀rún pẹ́pẹ́yẹ lọ. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá di dandan kí a yan ọ̀kan, ọmọ ni a ó yàn. Ṣùgbọ́n kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Omi tí ó bá tó ẹyẹ lára ni ó ń tó ẹja, òun náà ni ó ń tó kànga abúlé. Níbi tí pẹ́pẹ́yẹ kò bá ti bà mọ́, ẹ lọ wo àmù ilé àgbẹ̀ ibẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni ẹyẹ jẹ́, kì í ṣe alátakò ọmọ ènìyàn. Ohun kan sì tún wà. Ẹyẹ tí ó fò láti Rọ́ṣíà wá kò lè kọ ìwé ẹ̀sùn, kò lè dìbò, kò sì lè dúpẹ́. Bí a ti ń ṣe sí ẹni tí kò lè gbè wá tí kò sì lè bá wa jà ni ó ń fi bí inú wa ṣe rí hàn. Àwa tí a jẹ́ àlejò yẹ kí a mọ èyí ju àwọn mìíràn lọ, nítorí gbogbo wa ni a ti dé ìlú kan rí tí a kò mọ ẹnìkan níbẹ̀, tí ó jẹ́ pé àánú ẹni tí a kò lè san oore rẹ̀ ni a fi rí ibi sùn.

Báwo ni a ó ṣe wá san gbèsè yìí? Kò sí ẹni tí ó ní kí a wó dáàmù. Ohun tí àwọn onímọ̀ ti ń sọ láti ìgbà pípẹ́ ni pé kí a máa tú omi tí ó pọ̀ sílẹ̀ ní àsìkò tí odò fúnra rẹ̀ máa ń kún, pẹ̀lú ìwọ̀n àti ìkìlọ̀ ṣáájú, dípò kí a máa jẹ́ kí ó ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ yí ọdún ká. Kí a sì máa ro koríko kachalla kúrò lójú odò. Àwọn ará abúlé kan ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, omi sì ti tún ṣàn níbẹ̀. Ní ọdún 2006, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí odò yìí kàn, Kánò, Jigawa, Yobe, Bauchi, Borno àti Plateau, àti ìjọba àpapọ̀, dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú gbogbo agbègbè odò náà. Èyí dára, nítorí pé ẹni tí ó wà lókè àti ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ jókòó sí ìdí tábìlì kan. Èrò láti kọ́ dáàmù mìíràn sí Kafin Zaki lórí odò Jama'are ti wà nílẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ sì ni láti odò Jama'are ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi tí ń dé odò Yobe ti ń wá. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tún dìde, kí a bi ará ìsàlẹ̀ léèrè kí a tó fi bíríkì kìn-ín-ní lélẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ní ti àwa nínú ilé wa, ẹ̀rọ tí ó ń jò, kí a tún un ṣe. Kí a má ṣe jẹ́ kí omi máa ṣòfò lójú títì nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n. Ó lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ṣọ́ garawa kan kò ní lè sọ̀rọ̀ nípa odò.

Ẹ má sì jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sórí omi. Olúkúlùkù wa ni ó wà lókè odò kan. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí fáìlì opó kan wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, dáàmù ni ó dí síwájú ẹni tí kò mọ̀ rí. Oníṣòwò tí ó ra gbogbo àlùbọ́sà ọjà, tí ó tì í mọ́ yàrá títí yóò fi wọ́n, ó ní ìsàlẹ̀ odò tirẹ̀, níbi tí ìyá kan ti ń ka owó tí kò tó. Ẹ̀gbọ́n tí ó gba owó ilé baba, tí ó ná an tán kí àbúrò tó dàgbà, ó mọ ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó gbé idà. Wọ́n kàn dúró sí ibi tí nǹkan kọ́kọ́ dé ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, kí a tó buwọ́ lu ìwé, kí a tó ti ìlẹ̀kùn yàrá ọjà, kí a tó kún àmù wa dé ẹnu, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó kù lẹ́yìn wa tí kò tíì pọn. Bí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣẹ́ díẹ̀ kù fún un bẹ́ẹ̀ náà.